Irin Kì Í Ṣe Wúrà

Ìgbà kẹta nìyí tí Jíbrílù alágbẹ̀dẹ wúrà yóò dìde kúrò lórí ẹní ìrun láàárín wákàtí kan. Ó ti ṣe àlùwàlá, ó ti kọjú sí gábásì, ṣùgbọ́n kí ó tó kí ìrun dé ìdajì, ìtọ̀ já lára rẹ̀, ó sì ní láti padà lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó di ògiri mú, ó gbé kẹ́tù lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àlímọ̀t ọmọ rẹ̀ jókòó ti ẹwìrì, ó ń fẹ́ iná tí kò nílò fífẹ́, kí bàbá rẹ̀ má baà mọ̀ pé òun ń gbọ́ ìkérora rẹ̀.

Òkúta ni ó wà nínú àpò ìtọ̀ Jíbrílù. Ó ti pé ọdún méjì. Ọkùnrin tí ó ti ń dúró ní sàfù iwájú nínú mọ́sáláásí láti ìgbà èwe rẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, ni ó ń dúró báyìí, nítorí pé kò mọ ìgbà tí aṣọ rẹ̀ yóò tutù. Àwọn dókítà ní kí ó jẹ́ kí àwọn fi ọ̀bẹ là á. Ó kọ̀. Àìsàn kan náà ni ó ṣe Tìjání ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n là á ní ọjọ́ Ajé, wọ́n sin ín ní Ọjọ́bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Jíbrílù ti búra pé ọ̀bẹ kankan kò ní kan ikùn òun.

Ohun kejì wà tí àwọn ará agbo ilé wọn nítòsí Ẹnu Ọ̀wá kò mọ̀. Ojú Jíbrílù ti ń fọ́. Ẹ̀wọ̀n ọrùn wẹ́wẹ́ àti yẹtí tí àwọn ìyàwó ọlọ́jà ń yìn ín fún, ọwọ́ Àlímọ̀t ni gbogbo wọn ti ń jáde láti ọdún kan àbọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó ti kàwé dé kíláàsì kẹfà, òun ló sì gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ dúró sí. Àwọn obìnrin agbo ilé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kun làálì, òun ń kun èédú.

Ọdún 1956 ni, lẹ́yìn tí Ọbabìnrin Ìlú Ọba ti wá sí Èkó tí ó ti lọ. Dókítà Horatio, ọmọ àwọn Sàró tí ó ní ilé ìwòsàn kékeré tirẹ̀ nítòsí Ìta Fájì, wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Ìyá rẹ̀ ni Jíbrílù máa ń bá tún ẹ̀wọ̀n wúrà ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ni ó mú wá. Rọ́bà gígùn tín-ín-rín kan ni, irú èyí tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ ẹni tí kò lè tọ̀, pẹ̀lú wáyà tí a tẹ̀ ní orí bí ìwọ̀ ẹja.

Ó ṣàlàyé fún Jíbrílù pé òun lè ti rọ́bà náà gba ojú ibi tí ìtọ̀ ń gbà jáde wọ inú ènìyàn láìla ẹnikẹ́ni. Òun ní ọ̀pá kan tí iná kékeré wà lórí rẹ̀, tí òun fi lè wo inú àpò ìtọ̀ bí ẹni wo inú yàrá láti ojú kọ́kọ́rọ́. Òun ti fi wo ti Jíbrílù fúnra rẹ̀, òkúta náà kò ju hóró àgbàdo lọ. Òun rí i, ṣùgbọ́n òun kò rí ohun mú un. Gbogbo ìwọ̀ tí òun ti dánwò lórí àpò ìtọ̀ àgùntàn ni ó fà á ya.

Àlímọ̀t ti wo wáyà náà títí. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹja tí ìwọ̀ bá mú, ó gbọgbẹ́ ná. Ìgèrè kì í ṣe ẹja léṣe. Kí ló dé tí ẹ kò ṣe ìgèrè?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. Jíbrílù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọmọ náà yà á. Àlímọ̀t fi èédú ya wáyà mẹ́rin sórí sìmẹ́ǹtì, ó so wọ́n pọ̀ lórí, ó so wọ́n pọ̀ nídìí. Bí a bá fà wọ́n wọ inú rọ́bà, wọ́n á tò gbọọrọ bí ìgbálẹ̀. Bí a bá tì wọ́n jáde, wọ́n á wú bí ìgèrè tí àwọn apẹja ń dẹ sí ọ̀sà. Òkúta á yí wọ àárín wọn. A ó wá fà wọ́n padà díẹ̀, wọ́n á sì fún òkúta náà mọ́ra títí tí yóò fi jáde.

Ẹ̀rín Dókítà ti tán. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó ń wo èédú náà.

Fàdákà kò lè ṣe é, nítorí pé bí ó bá ti tẹ̀ kì í padà. Irin tí ń ta padà ni wọ́n nílò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì Dókítà mú okùn irin mẹ́rin wá, tín-ín-rín bí irun ẹṣin, tí ó tú lára dùùrù àtijọ́ inú pálọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má pàdánù rẹ̀ o, nítorí pé màmá òun kò tíì mọ̀, ọjọ́ Àìkú tí ó bá fẹ́ kọ orin ni àṣírí yóò tú. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Àlímọ̀t. Ó ti pe dókítà òyìnbó méjì láti wá wo irinṣẹ́ náà ní ọjọ́ Jímọ̀, lórí àpò ìtọ̀ àgùntàn.

"Bí ó bá ṣiṣẹ́," ó ní, "n óò gbà ọ́ sílé ìwòsàn mi kí o kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. N óò sì kọ orúkọ rẹ sínú lẹ́tà tí mo fẹ́ kọ sí Ìlú Ọba nípa rẹ̀."

Alẹ́ ọjọ́ náà Àlímọ̀t kò sùn. Aṣọ funfun àti fìlà nọ́ọ̀sì ni ó ń rí.

Ní Ọjọ́rú Jíbrílù pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Ìrora ti dè é mọ́lẹ̀, kò lè jókòó ti iná. Ó ní iṣẹ́ fàdákà tí Àlímọ̀t yóò fi jó àwọn wáyà náà pọ̀ kò le fún un, ohun kan ṣoṣo ni kí ó má gbàgbé.

"Irin kì í ṣe wúrà. Wúrà tí o bá jó tí o rì sómi, á rọ̀. Irin tí o bá rì sómi nígbà tí ó pọ́n, á le débi pé á máa ṣẹ́ bí ìgò. Sin ín sínú eérú gbígbóná, kí ó tutù fúnra rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ di ọ̀la, jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ó jókòó ti iṣẹ́ náà. Ó ti jó ìdí tán, ó ku òkè, nígbà tí Sista Henrietta, nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn náà, dé pẹ̀lú agbòjò rẹ̀, ó ní Dókítà ní kí òun gba irinṣẹ́ náà wá. Àlímọ̀t bẹ̀ ẹ́ kí ó jókòó. Sista wo àga, ó wo èédú tó wà lórí rẹ̀, ó dúró.

"Ìwọ ni wọ́n ní yóò di nọ́ọ̀sì?" Ó wo ọwọ́ Àlímọ̀t. "Ọṣẹ wo ni yóò fọ èékánná yẹn? Àwọn ọmọ tí ó parí Form Four ni wọ́n ń bẹ̀ mí síbẹ̀, Dókítà ń lọ kó ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ṣe kíá, jàre. Mi ò wá síbí láti gba èéfín sára."

Ojú Àlímọ̀t gbóná ju iná iwájú rẹ̀ lọ. Ó da fàdákà sí oríkèé tó kù, ó fẹ́ iná, fàdákà náà yọ́, ó ṣàn, ó dán. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣe ohun kan náà lẹ́yìn iná: ó fi ẹ̀mú gbé e, ó yípo sọ́tùn-ún, ó rì í sínú ìkòkò omi. Omi náà hó ṣàà. Lẹ́yìn ìró omi, ìró kékeré kan tẹ̀ lé e, tín, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sórí àwo.

Láti inú yàrá, Jíbrílù pè. "Àlímọ̀t, kí ló dún yẹn?"

"Kò sí nǹkan, Bàbá."

Ó gbé dígí tí ń mú nǹkan tóbi sí ojú. Ó rí i. Ìlà dúdú kan, tín-ín-rín ju irun lọ, là á já lára ọ̀kan nínú wáyà mẹ́rin náà, lẹ́bàá oríkèé òkè. Wáyà mìíràn kò sí. Bí ó bá sọ̀rọ̀, Dókítà ní láti tún dùùrù ìyá rẹ̀ tú, Jímọ̀ yóò sì kọjá, àwọn òyìnbó yóò lọ. Sista yóò sì ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà mọ ohun tí à ń ṣe sí ojú ibi tó là lára ẹ̀gbà ọwọ́. Wọ́n á da fàdákà díẹ̀ bò ó, wọ́n á fi ayùn fá a, wọ́n á fi aṣọ nù ún títí yóò fi máa kọ mànà. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀gbà kò ní kú nítorí rẹ̀. Àlímọ̀t sọ fún ara rẹ̀ pé àpò ìtọ̀ àgùntàn ni ti ọ̀la. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ òun yóò ṣe òmíràn fún ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ó da fàdákà bò ó. Ó fá a, ó nù ún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Sista Henrietta, ó sì kúnlẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nílé ìwòsàn, níṣojú Àlímọ̀t, ìgbà mẹ́ta ni Dókítà ju òkúta wẹ́wẹ́ sínú àpò ìtọ̀ àgùntàn tí ó kún fún omi, ìgbà mẹ́ta ni ìgèrè náà mú un jáde. Àwọn òyìnbó méjèèjì pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan bọ Àlímọ̀t lọ́wọ́, kò bìkítà fún èékánná. Àlímọ̀t wo Sista Henrietta, Sista gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó gbàgbé ìlà dúdú náà pátápátá.

Ariwo ọmọlanke ni ó gbọ́ níta. Hàwáwù ìyá rẹ̀ ni ó ń ti í pẹ̀lú àwọn ọkùnrin agbo ilé méjì. Jíbrílù wà nínú rẹ̀, ó kákò. Láti ìdájí ni òkúta náà ti dí ojú ìtọ̀ pa, ó fi pamọ́ fún Àlímọ̀t, ikùn rẹ̀ sì ti wú bí ìkòkò.

Wọ́n gbé e wọlé. Dókítà tẹ ikùn rẹ̀, ó wo àwọn òyìnbó, ó wo irinṣẹ́ tí ń dán nínú àwo. Ó sọ fún Jíbrílù pé ọ̀nà méjì ló wà. Òun lè fi rọ́bà lásán fa ìtọ̀ náà kí ó rọrùn, kí wọ́n sì fi òkúta sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tàbí kí wọ́n yọ ọ́ lónìí, níwọ̀n ìgbà tí irinṣẹ́ ti wà ńlẹ̀.

Òógùn bo ojú Jíbrílù. "Bí ó bá ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi ni, mo gbà. Ọ̀bẹ ni mi ò gbà."

Dókítà yíjú sí Àlímọ̀t. "Ìwọ lo ṣe é. Ṣé ó dá ọ lójú?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń bẹ lẹ́nu ọmọ náà: ẹ dúró. Bí ó bá sọ ọ́, wọn yóò fa ìtọ̀ bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ yóò sùn lálẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ń wò ó. Sista Henrietta ti gbé ojú padà, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí ó ti ń retí rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni ó ṣiṣẹ́, Àlímọ̀t ní nínú ọkàn rẹ̀. Kí ló dé tí kò ní ṣiṣẹ́ nígbà kẹrin?

"Ó dá mi lójú, sà."

Wọ́n gún Jíbrílù ní abẹ́rẹ́ tí ó pa ara rẹ̀ láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì sé ilẹ̀kùn. Àlímọ̀t àti ìyá rẹ̀ jókòó síta. Hàwáwù ń ka tẹ̀sùbáà. Kò pẹ́, wọ́n gbọ́ ohùn Dókítà tí ó ń ké nípa ìgèrè náà pé, "ó ti mú un, ó ti mú un." Hàwáwù dì mọ́ ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà Sista Henrietta sáré jáde, kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀ mọ́, ó sì ń sáré wá ọ̀bẹ.

Wáyà náà ti ṣẹ́. Ibi tí Dókítà ti ń fà á ni ó ti ṣẹ́, ẹnu rẹ̀ mímú sì ṣí bí ẹ̀gún, ó wọ ẹran ara lọ́rùn àpò ìtọ̀, kò ṣeé tì, kò ṣeé fà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ tí Jíbrílù sá fún fún ọdún méjì ṣe bá a níbẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n lò. Kò mọ ìgbà tí wọ́n là á. Ìgbà tí ó rí ọ̀já lára ikùn rẹ̀ ni ó mọ̀.

Ní ọjọ́ kejì Dókítà wọlé tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú àwo kékeré kan. Wáyà tí ó ṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Ó ti fi dígí wò ó. Ó béèrè ẹni tí ó jó oríkèé òkè, nítorí pé ẹnì kan da fàdákà bo ojú ibi tó ti là tẹ́lẹ̀.

Jíbrílù na ọwọ́. Wọ́n fi wáyà náà sí i lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́, ṣùgbọ́n àtàńpàkò rẹ̀ ti wà nínú iṣẹ́ náà fún ogójì ọdún. Ó fi tẹ wáyà náà láti ìdí dé òkè. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, àtàńpàkò náà dúró. Àlímọ̀t wà ní ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó rí i bí ó ṣe dúró.

"Èmi ni," Jíbrílù ní. "Ojú mi ti fọ́, Dókítà, mo ń fi pamọ́ fún yín. Èmi ni mo rì í sómi, èmi ni mo bò ó. Ọmọ náà kò mọ̀ sí i."

Dókítà wò ó pẹ̀lú ìríra. Ó ní ènìyàn tí ó fi ìgbéraga pa ara rẹ̀, òun kò mọ àánú tí òun yóò ṣe fún un. Ó ní ó ti ba iṣẹ́ ọdún méjì òun jẹ́ níwájú àwọn ẹni iyì. Sista Henrietta pòṣé. Àlímọ̀t tẹrí ba, ó ń tún aṣọ ìbora bàbá rẹ̀ ṣe.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi jókòó ti bàbá rẹ̀, tí ibà ń jó o, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi osùn. Ojoojúmọ́ ni ó ń sọ pé òun yóò sọ ọ́ bí Bàbá bá jí. Bàbá a jí, òun a bu omi sí i lẹ́nu, òun a dákẹ́. Ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Jíbrílù la ojú, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní òun kò tíì jẹ. Bàbá ní kí ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó jẹun. Nígbà tí ó fi máa fọ ọwọ́ dé, Bàbá ti kú.

Òkìkí kàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó pé afọ́jú ni Jíbrílù tí ń ṣe wúrà fún wọn, pé ó tan gbogbo ayé, ó sì tan ara rẹ̀ pa. Àwọn tí ó kí i fún ogún ọdún wá mú wúrà wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ sàréè rẹ̀ tó gbẹ. Ẹnì kan tilẹ̀ wọn ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lójú Hàwáwù nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Ní ọjọ́ kẹfà Dókítà ránṣẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ bàbá kì í ṣe ti ọmọ, kí Àlímọ̀t máa bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ipò rẹ̀ ṣì wà.

Ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn àlùfáà ti ṣe fìdáù tán tí wọ́n ti lọ, Àlímọ̀t wólẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìkòkò omi dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ.

Hàwáwù kò sunkún. Ó dìde, ó tú ìdì aṣọ kan, ó mú ẹ̀mú Jíbrílù jáde, ó gbé e sílẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀.

"Ó mọ̀," ó ní. "Ó gbọ́ ìró omi láti orí ẹní rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó bi ọ́, o ní kò sí nǹkan. Ó gba ẹnu rẹ gbọ́ ju etí ara rẹ̀ lọ. Lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni ó ti sọ fún mi pé bí o kò bá sọ ọ́, kí n jẹ́ kí o lọ ṣe nọ́ọ̀sì rẹ. Ó ní bí o bá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, kí n fún ọ ní èyí, nítorí ẹni tí ó lè sọ ọ́ lè di alágbẹ̀dẹ. Òun ti dárí jì ọ́." Ó so ìdì aṣọ náà padà. "Èmi kò tíì dárí jì ọ́. Má bi mí ní ọjọ́ tí n óò dárí jì ọ́."

Àlímọ̀t mú ọ̀nà Ìta Fájì pọ̀n lójú ẹsẹ̀. Ó dúró níwájú Dókítà àti Sista Henrietta, ó wí pé òun ni, kì í ṣe bàbá òun. Ó bẹ Dókítà kí ó tún un sọ fún àwọn tí ó ti sọ fún. Dókítà gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ó ní lẹ́tà òun ti wọ ọkọ̀ òkun láti ọjọ́ Sátidé. Nínú rẹ̀ ni òun ti kọ ọ́ pé alágbẹ̀dẹ afọ́jú kan ni ó ba irinṣẹ́ náà jẹ́. Òun kò ní kọ òmíràn nítorí òkú.

"Orúkọ rẹ tí ó wà níbẹ̀," ó ní, "ó yẹ kí n ti pa á rẹ́. Jáde."

Sista Henrietta ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó wo èékánná rẹ̀ nìkan.

Àlímọ̀t padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọdún mẹ́rin kọjá kí ẹnikẹ́ni ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó gbé wúrà fún un. Títí di òní, wáyà tí ó ṣẹ́ náà wà lórí ìṣó lára ògiri rẹ̀, òun sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ iṣẹ́ tuntun yóò gbé lọ́wọ́. Á ní kí ọmọ náà pa ojú dé, kí ó fi àtàńpàkò wá ibi tí ó ti là. Bí ó bá rí i, á sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún un láìyọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa gbọ́ láti inú yàrá. Hàwáwù kú ní ọdún kọkànlá lẹ́yìn ikú Jíbrílù, ọ̀rọ̀ ìdáríjì kò jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà nílé ìwé, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, àṣìṣe kò burú tó bíbò ó. Gbogbo ọwọ́ ló ń ṣèèṣì, omi a sì máa wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé ó dá ọ lójú, tí kò sì dá ọ lójú, sọ ọ́, bí gbogbo ayé bá ń wò ọ́. Àbùkù tí o fi fàdákà bò kì í kú síbẹ̀. Ó ń dúró de ẹni tí o fẹ́ràn jù lọ.